Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ta Ló Ní Kí Ìyàwó Dijú?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú wa. Wọ́n ní Ọbabìnrin Victoria ló gba ọmọ rẹ̀ nímọ̀ràn nígbà tó ń lọ ilé ọkọ pé, "Dijú, kí o máa ro ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì." Ṣé òótọ́ ni? Kí ló sì túmọ̀ sí?

Ìdáhùn: Ẹ má gbà á gbọ́. Ohun tí wọ́n ń fi í sọ ni pé kí ìyàwó fara da ọkọ rẹ̀ lórí ibùsùn, bí kò tiẹ̀ wù ú, torí ìlú ń fẹ́ ọmọ. Àwọn lẹ́tà tí Victoria kọ sí àkọ́bí rẹ̀, tó relé ọkọ ní 1858, ṣì wà dòní. Oyún àti ìrọbí ló ráhùn lé lórí nínú wọn, ó sì lẹ́tọ̀ọ́: ọmọ mẹ́sàn-án ló bí. Ní ti ọkọ, ìwé ìrántí Victoria fúnra rẹ̀ fún February 1840, lẹ́yìn tí òun àti Albert ṣègbéyàwó, kún fún ayọ̀. Ó ní òun ò rí irú alẹ́ bẹ́ẹ̀ rí.

Àwọn mìíràn ní Lady Hillingdon, obìnrin ọlọ́lá kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló kọ ọ́ sínú ìwé ìrántí rẹ̀ ní 1912. Èyí máa ń tètè wọni létí torí pé orúkọ wà, ọdún wà. Àmọ́ kò sẹ́ni tó fojú rí ìwé ìrántí náà. Ìwé kan tó jáde ní 1972 ló gbé e kiri, nígbà tí obìnrin náà ti kú láti 1940.

Tí ẹ bá fẹ́ dán irú ọ̀rọ̀ yìí wò, ẹ fi orúkọ ẹni tí wọ́n ní ó sọ ọ́ sílẹ̀ ná. Ẹ wá ìgbà tó ti kọ́kọ́ hàn nínú ìwé títẹ̀, kí ẹ sì wo nǹkan tí wọ́n ń fi í sọ níbẹ̀. Ní 1943, ìwé ìròyìn kan ní Amẹ́ríkà sọ ìtàn ìyàwó Stanley Baldwin, tó ti ṣe olórí ìjọba Britain rí. Ọmọ rẹ̀ obìnrin bi í pé, bí ọ̀dọ́kùnrin tó ń fẹ́ òun bá fẹ́ fẹnu ko òun lẹ́nu ńkọ́? Ìyá ní kó ṣe bí òun ti ṣe: kó dijú, kó máa ro ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹnu kíkò lásán ni o! Ẹ̀yìn ìgbà náà ni wọ́n tó gbé e dé orí ibùsùn, tí wọ́n sì fi í sẹ́nu àwọn àgbà tó ti kú. Lójú tiwa, àwọn ọmọ-ọmọ ló ń fi ọ̀rọ̀ yìí bú àwọn ìyá ńlá wọn. Lónìí, ẹni tó ń lọ yọ eyín pàápàá lè fi í ki ara rẹ̀ láyà.

Ìbéèrè: Ṣé kò sí ojúṣe ibùsùn kankan tó de obìnrin nígbà náà ni?

Ìdáhùn: Ó wà, ó sì le. Inú ẹ̀jẹ́ ìgbéyàwó àti ilé ẹjọ́ ni kí ẹ wá a sí. Kí Ìwé Àdúrà ìjọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tọdún 1549 tó jáde, ìyàwó tó bá ń ṣègbéyàwó nílànà ìjọ Salisbury, ìlú kan níbẹ̀, máa ń jẹ́jẹ̀ẹ́ pé òun yóò jẹ́ "bonere and buxum in bedde and at borde", ìyẹn oníwà pẹ̀lẹ́ àti ẹni tó ń gbọ́ràn lórí ibùsùn àti nídìí tábìlì oúnjẹ. Inú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ tó túmọ̀ sí "tẹ̀" ni buxum ti wá: ẹni tí kì í ṣorí kunkun, tó ń gbọ́ràn. Nígbà tó yá ó di ọlọ́yàyà, ó di ẹni tára rẹ̀ le, ó wá di obìnrin tó sanra, tọ́mú rẹ̀ tóbi. Ẹni tó bá fi ti òde òní ka ẹ̀jẹ́ náà yóò ṣì í kà pátápátá. Obey, ìyẹn gbọ́ràn, ló rọ́pò rẹ̀ ní 1549. Elizabeth Kejì, tó di ọbabìnrin lẹ́yìn náà, sọ ọ́ nígbà ìgbéyàwó rẹ̀ ní 1947. Diana, ìyàwó Charles ọmọ rẹ̀, fò ó ní 1981.

Ọ̀rọ̀ Pọ́ọ̀lù nínú 1 Kọ́ríńtì 7:3-4 ni wọ́n fi ń ti ojúṣe yìí lẹ́yìn. Ẹ kà á tán: ọkọ náà kò láṣẹ lórí ara rẹ̀, aya ló ni ín. Ìdajì tó bá ọkọ lára mu ni òfin dì mú. Ìwé Matthew Hale, adájọ́ àgbà kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó jáde ní 1736 lẹ́yìn ikú rẹ̀, ní ọkọ kò lè jẹ̀bi ìfipábánilòpọ̀ sí aya rẹ̀, torí aya ti fi ara rẹ̀ fún un, kò sì lè gbà á padà. Títí di 1884, ẹni tó bá kọ̀ láti padà sọ́dọ̀ ọkọ tàbí aya rẹ̀ lẹ́yìn tílé ẹjọ́ pàṣẹ lè ṣẹ̀wọ̀n. Ní 1891, nínú ẹjọ́ Jackson, ilé ẹjọ́ ní ọkọ kò gbọdọ̀ ti aya mọ́lé. Òfin 1970 ló fagi lé irú ẹjọ́ kóo-padà-sílé bẹ́ẹ̀. Ti Hale sì wà nílẹ̀ títí di 1991, kí ilé ẹjọ́ tó ga jù níbẹ̀ tó fagi lé e. Ọdún márùndínlọ́gọ́ta-lé-nígba, ẹ gbọ́!

Ìbéèrè: "Rule of thumb" (òfin àtàǹpàkò) ńkọ́? Wọ́n ní òfin gba ọkọ láyè láti fi ọ̀pá tí kò nípọn ju àtàǹpàkò lọ na aya.

Ìdáhùn: Kò sí irú òfin bẹ́ẹ̀ nínú ìwé òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láti ọ̀rúndún kẹtàdínlógún ni gbólóhùn náà ti wà, fún iṣẹ́ tí wọ́n ń fi ìrírí ṣe láìlo òṣùwọ̀n. Ní 1782, ìròyìn kàn pé Adájọ́ Francis Buller sọ bẹ́ẹ̀ nípa ọ̀pá, ni Gillray, ayàwòrán ẹ̀fẹ̀, bá yà á bí ẹni tó ru ọ̀pá kiri tà fún àwọn ọkọ, ó sì pè é ní Adájọ́ Àtàǹpàkò. Àwòrán yẹn ló kù nílẹ̀.