Ọmọ wa fẹ́ sáré fún yunifásítì: ṣé owó tí wọ́n ń pín yìí máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin òbí ẹgbẹ́ mi. Houston ni èmi àti bàbá àwọn ọmọ ń gbé. Ọmọ wa obìnrin tó máa jáde high school lọ́dún tó ń bọ̀ ń sá 400 mítà, ilé ìwé méjì ló sì ń wá a. Ọ̀kan wà nínú conference ńlá (ẹgbẹ́ àwọn yunifásítì tó ń bára wọn díje) tó máa ń wà lórí tẹlifíṣọ̀n ní gbogbo Sátidé. Ìlàjì owó ilé ìwé ni wọ́n fẹ́ san, ṣùgbọ́n kóòṣì ní àwọn yunifásítì ti ń pín owó fún àwọn eléré báyìí, pé ọmọ wa lè rí nínú rẹ̀. Èkejì kéré, orúkọ rẹ̀ kò dún, ṣùgbọ́n gbogbo owó ilé ìwé, yàrá àti oúnjẹ ni wọ́n ní àwọn á san. Bàbá rẹ̀ ní ká lọ síbi tí owó wà. Mo tún ń gbọ́ pé àwọn ilé ìwé ń sá kúrò nínú conference kan bọ́ sí òmíràn. Ọmọ àbúrò mi ní Ìbàdàn náà ń sáré, ó fẹ́ wá síbí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ìyá wa. Ọlọ́run á bá wa ṣọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọmọ tèmi ń gbá volleyball ní yunifásítì kan létí òkun Pacific, ìdí nìyẹn tí mo fi ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ yìí lójú méjèèjì. Lójú tèmi, ilé ìwé tó fẹ́ san gbogbo owó ni kí ẹ mú, àyàfi tí ti ńlá yẹn bá kọ ohun tó ju ìlàjì lọ sínú ìwé.

Kóòṣì ò purọ́ o. Ó ti pẹ́ tí NCAA, àjọ tó ń darí eré ìdárayá àwọn yunifásítì, ti ń fòfin dè é pé ilé ìwé ò gbọdọ̀ sanwó fún eléré kọjá sikọ́láṣípù. Ní 2021 ni wọ́n tó gbà kí ọmọ máa fi orúkọ àti àwòrán ara rẹ̀ pawó lọ́dọ̀ àwọn ilé iṣẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹjọ́ tí wọ́n ń pè ní House dé. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹfà 2025, Adájọ́ Claudia Wilken ní California fọwọ́ sí àdéhùn kan: kí wọ́n san nǹkan bíi bílíọ̀nù 2.8 dọ́là fún àwọn tó ti ṣeré láti 2016, kí ilé ìwé tó bá wọ inú àdéhùn náà sì lè máa sanwó fún àwọn eléré rẹ̀ fúnra rẹ̀ láti ọjọ́ 1 oṣù keje ọdún náà. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 20.5 dọ́là ni ilé ìwé kan ò gbọdọ̀ san kọjá lọ́dún àkọ́kọ́.

Ẹ wá wo bí wọ́n ṣe ń pín in. Kóòtù ò sọ ẹni tó máa gba èló, ṣùgbọ́n ìpín tí ọ̀pọ̀ ilé ìwé ńlá mú lò ni pé nínú ọgọ́rùn-ún dọ́là, 75 lọ fún football ti Amẹ́ríkà, 15 fún basketball ọkùnrin, 5 fún basketball obìnrin, 5 tó ṣẹ́ kù fún gbogbo eré yòókù. Márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún yẹn kò ju mílíọ̀nù kan dọ́là àti díẹ̀ lọ. Òun ni volleyball, soccer, ìwẹ̀ odò, tẹ́níìsì, baseball àti eré sísá, tọkùnrin tobìnrin, ń fà mọ́ ara wọn lọ́wọ́, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọ. Ó ń dùn mí gan-an. Òfin Title IX ti 1972 sọ pé ilé ìwé tó ń gbowó ìjọba àpapọ̀ ò gbọdọ̀ ya obìnrin sọ́tọ̀. Ní oṣù kìíní 2025, iléeṣẹ́ ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ ní òfin náà kan owó pínpín yìí. Ní oṣù kejì, lábẹ́ ìjọba tuntun, wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà padà. Àwọn eléré obìnrin kan ti pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn lórí owó ẹ̀yìn, ìyẹn bílíọ̀nù 2.8 yẹn, mo sì ń bá wọn gbàdúrà. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ìrètí ẹjọ́ sanwó ilé ìwé ọmọ.

Ohun tó lè dé bá ọmọ yín nínú àdéhùn yìí kan náà, tí kóòṣì lè má dárúkọ rẹ̀, ni iye ọmọ tí ẹgbẹ́ kan lè ní. Tẹ́lẹ̀, sikọ́láṣípù ni wọ́n máa ń kà. Fún eré sísá obìnrin, méjìdínlógún péré ni, kóòṣì á sì gé e wẹ́wẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọmọ, á tún fi àwọn tí ò gba nǹkan kan kún wọn. Ní báyìí, ilé ìwé tó bá wà nínú àdéhùn lè fún gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ní sikọ́láṣípù kíkún, ṣùgbọ́n ọmọ ẹgbẹ́ ò gbọdọ̀ ju 45 lọ. Kò sẹ́ni tó fi dandan lé e pé kí wọ́n san gbogbo rẹ̀. Iye orúkọ ni dandan. Láti 2024, eléré tó bá ń ṣe dáadáa nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀ lè kó lọ sí ilé ìwé mìíràn kó sì sáré lójú ẹsẹ̀, iye ìgbà yòówù kó jẹ́. Nítorí náà, bí àyè kan bá ṣí nínú 45 yẹn, àgbà eléré láti ilé ìwé mìíràn lè gbà á mọ́ ọmọ ọdún méjìdínlógún lọ́wọ́. Ọmọ tí wọ́n san ìlàjì lé lórí ni mo ń bẹ̀rù fún jù lọ, nítorí owó tí wọ́n dì mọ́ ọn kò pọ̀ tó èyí tí wọ́n máa fi lọ́ra láti yọ orúkọ rẹ̀.

Nítorí náà, ohun tó wà nínú ìwé ni kí ẹ bá kóòṣì sọ. Ṣé sikọ́láṣípù ọdún kan ni àbí ọdún mẹ́rin? Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá yẹ̀ ńkọ́? Bí kóòṣì fúnra rẹ̀ bá ríṣẹ́ síbòmíràn, tí ẹni tuntun sì yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú 45, ṣé owó ilé ìwé á ṣì máa wọlé? Bí wọ́n bá sì ṣèlérí owó pínpín, ẹ ní kí wọ́n kọ iye rẹ̀, oṣù tí wọ́n máa san án, àti iye tí ọmọ máa dá padà bó bá kúrò, nítorí irú ìlà bẹ́ẹ̀ ti ń wà nínú àwọn ìwé àdéhùn wọ̀nyí. Ẹ fún lọ́yà kà. Owó náà ní owó orí nínú, wọn kì í sì í yọ ọ́ sílẹ̀ kó tó dé ọwọ́ ọmọ. Bí ilé ìwé ńlá yẹn bá sì wà lóde Texas, iye tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àlejò ni kí ẹ fi ṣírò ìlàjì tó kù sí yín lọ́rùn. Ibẹ̀ ni kí bàbá wọn ti fi kálámù síwèé.

Ní ti kíkó láti conference sí conference, owó tẹlifíṣọ̀n football ló fà á. Ní òpin oṣù kẹfà 2022, USC àti UCLA, yunifásítì méjì ní Los Angeles, ní àwọn ń fi conference Pac-12 sílẹ̀ lọ bá Big Ten. Lóṣù kẹjọ ni Big Ten bá Fox, CBS àti NBC ṣe àdéhùn ọdún méje tó ju bílíọ̀nù méje dọ́là lọ. Nígbà tó fi máa di 2024, ilé ìwé mẹ́wàá ti jáde ní Pac-12, ó wá ku Oregon State àti Washington State nìkan. Yunifásítì Stanford àti Cal, tó wà létí Pacific, wọ conference àwọn ará etí Atlantic, wọ́n sì gbà láti máa mú nǹkan bí ìdá mẹ́ta péré nínú mẹ́wàá ìpín owó tẹlifíṣọ̀n fún ọ̀pọ̀ ọdún. SMU, yunifásítì kan ní Dallas níbẹ̀ yẹn, gbà láti má mú ìpín náà rárá fún ọdún mẹ́sàn-án kí wọ́n ṣáà lè gbà á wọlé. Ẹ̀yin ará Houston sì mọ̀ pé Southwest Conference, tí Hakeem Ọlájuwọ́n ọmọ Èkó gbá basketball nínú rẹ̀, ti parẹ́ láti 1996.

Àwọn ọmọ bíi tèmi ló ń jìyà rẹ̀. Wákàtí márùn-ún nínú bàálù lọ sí ìlà-oòrùn, aago ibẹ̀ fi wákàtí mẹ́ta ṣáájú tiwọn, ìdánwò sì ń dúró dè wọ́n nílé. Ṣùgbọ́n eré sísá yàtọ̀. Ìdíje tí kóòṣì bá yàn ni wọ́n sábà máa ń lọ, ìdíje conference gan-an kò ju ọ̀kan nínú ilé àti ọ̀kan ní ìta lọ lọ́dún. Nítorí náà ẹ má jẹ́ kí orúkọ conference dẹ́rù bà yín tàbí kó wù yín jù. Tóbi Àmúsàn, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, El Paso ló ti sáré fún UTEP, yunifásítì ibẹ̀, nínú Conference USA tí kò sí lára àwọn olówó ńlá, ó sì gba ife-ẹ̀yẹ NCAA nínú 100 mítà onídènà ní 2017. Ọdún 2022 ló sá a ní ìṣẹ́jú-àáyá 12.12 ní Eugene, tí kò sẹ́ni tó tíì yára tó bẹ́ẹ̀ rí láyé. Kóòṣì tó mọ eré 400 mítà, tó sì ti sọ ọmọ bíi tiyín di ẹni tó yára sí i, òun ni kí ẹ wá. Ẹ bi í ní iye tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń sá nígbà tí wọ́n dé àti nígbà tí wọ́n ń jáde.

Ti ọmọ àbúrò yín ní Ìbàdàn le jù. Físà F-1, ti akẹ́kọ̀ọ́, ló máa bá wá, iṣẹ́ tí físà yẹn gbà láyè kò sì ju iṣẹ́ inú ọgbà ilé ìwé lọ, ogún wákàtí lọ́sẹ̀ nígbà tí kíláàsì bá ń lọ, àti iṣẹ́ tó jẹ mọ́ ohun tó ń kọ́ bí wọ́n bá fún un láyè. Sikọ́láṣípù kò ní wàhálà. Owó pínpín àti owó ìpolówó ọjà ni wọ́n lè kà sí iṣẹ́, bí físà bá sì bàjẹ́, ẹ̀kọ́ àti eré ló máa bá a lọ. Sikọ́láṣípù kíkún nìkan ni kó wá. Kó ti mú èsì WAEC rẹ̀ sílẹ̀ fún NCAA Eligibility Center, ọ̀fíìsì tó ń yẹ̀ wò bóyá ọmọ yẹ láti ṣeré, kó má sì tọwọ́ bọ ìwé owó kankan títí ọ̀fíìsì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè ní ilé ìwé náà fi máa kọ èsì wọn ránṣẹ́ sí i. Èsì orí fóònù kò tó.