Ta ni yóò san owó àlọ́ tí a fi ṣe kàtúùnù?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa. Olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi ni mí ní Ìsàlẹ̀ Afọ́n, ní Ògbómọ̀ṣọ́. Láti bí oṣù mẹ́jọ ni èmi àti ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó mọ àwòrán yà ti ń fi àlọ́ Ìjàpá ṣe kàtúùnù fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún méje. Mẹ́ta péré la tíì rí ṣe, gbogbo owó tí mo fi pamọ́ ló sì bá a lọ. A gbé wọn sí YouTube, ṣùgbọ́n àwọn tó ń wò wọ́n kò pọ̀, kọ́bọ̀ kan kò sì tíì wọlé. Ẹnì kan tó fẹ́ fi owó ràn wá lọ́wọ́ ní kí a sọ ọ́ di èdè Gẹ̀ẹ́sì kí ó lè tà. Bí mo ṣe ń rò ó lọ́wọ́ ni ayàwòrán náà tún sọ fún mi pé òun fẹ́ ta Ìjàpá tí òun yà fún iléeṣẹ́ mìíràn, nítorí pé òun ló ni ín. Kí ni kí n kọ́kọ́ tún ṣe, níbo sì ni owó wà nínú iṣẹ́ yìí?

ÌDÁHÙN

Ẹ ṣeun, olùkọ́ wa. Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí mo ti ń ṣe ètò ọmọdé, ti rédíò àti ti fídíò, níhìn-ín ní Ògbómọ̀ṣọ́, kò sì sí ọ̀kan nínú ohun tí ẹ kọ tí n kò tíì bá pàdé. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn bí ẹ ṣe ń ka ìdáhùn yìí ni pé ọmọ ló ń wo iṣẹ́ yín, àgbà ló ń sanwó rẹ̀, àwọn méjèèjì kò sì fẹ́ ohun kan náà. Ọmọ ń fẹ́ orin, ẹ̀rín, àti ohun tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ tó tún padà wá. Òbí ń fẹ́ kí ọmọ òun gbọ́ Yorùbá, kí ó mọ ìwà hù, kí ọkàn òun sì balẹ̀ bí òun bá gbé fóònù lé e lọ́wọ́ kí òun lè ráyè dáná.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo rò pé owó yín gbà jò. Kàtúùnù ìṣẹ́jú márùn-ún, ìṣẹ́jú àáyá 300 ni. Sinimá a máa lo àwòrán 24 fún ìṣẹ́jú àáyá kan; bí ayàwòrán bá tilẹ̀ dín in kù sí ìdajì, tó ń ya 12, àwòrán 3,600 ni yóò yà kí àlọ́ kan ṣoṣo tó parí. Kò sí bí ẹnì kan ṣe lè máa dá èyí yà lóṣooṣù tí kò ní rẹ̀ ẹ́, tí kò sì ní béèrè owó tó pọ̀. Ọ̀nà tí àwa tí owó wa kò tó nǹkan ń gbà ni pé kí a ya orí, apá, ẹsẹ̀ àti ẹnu lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí a wá máa fi kọ̀ǹpútà yí wọn síhìn-ín sọ́hùn-ún, bí ẹni ń mú ọmọlangidi jó. Àwọn ètò kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ Blender àti OpenToonz lè ṣe é, ọ̀fẹ́ sì ni àwọn méjèèjì. Ìjàpá bá ọ̀nà yìí mu ju ẹranko mìíràn lọ, nítorí pé igbá ẹ̀yìn rẹ̀ kì í tẹ̀, kì í sì í nà: ẹ̀ẹ̀kan ni ẹ ó yà á, ọrùn, ẹsẹ̀ àti ojú nìkan ni yóò máa yí padà.

Ṣùgbọ́n àwòrán kọ́ ni mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ náwó lé lórí. Ohùn ni. Ohun tó gbé àlọ́ ró láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ohùn apàlọ́, orin tó ń wọlé láàárín ìtàn, àti ègbè tí àwọn ọmọ ń gbè. Bí apàlọ́ bá ti ní “Ààlọ́ o!”, ọmọ kò lè dákẹ́, “Ààlọ̀!” ni yóò fi dáhùn. Mo ti rí ọ̀pọ̀ fídíò àlọ́ tí ẹni tó ṣe é kó àwọn òṣèré tirẹ̀ jọ, tí wọ́n gbe gbogbo ègbè náà tán, tí wọn kò fi àyè sílẹ̀ fún ọmọ tó jókòó nílé. Ọmọ náà a di òǹwòran lásán, kì í sì í pẹ́ tí yóò fi dìde lọ. Lẹ́yìn lílé orin kọ̀ọ̀kan, ẹ fi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta tàbí mẹ́rin sílẹ̀, kí Ìjàpá kọjú sí ọmọ, kí ó sì dúró dè é. Àyè yẹn kò ná yín ní kọ́bọ̀, òun gan-an sì ni yóò mú kí ọmọ tún ní kí wọ́n bá òun fi àlọ́ yín sí i lọ́la.

Bí ohùn bá ti dára, àlọ́ náà ti ṣeé tà kí àwòrán kan ṣoṣo tó wà: fún rédíò, lórí WhatsApp, àti fún àwọn ọmọkùnrin tó ń di orin sínú mẹ́mọ́rì kádì ní Tákíẹ́. Ẹ kò nílò sítúdíò olówó ńlá. Yàrá kékeré tí a gbé fóòmù bẹ́ẹ̀dì àti aṣọ kọ́ sára ògiri rẹ̀, máìkì kan tó dára, àti ìdájí kí jẹnẹrétọ̀ àdúgbò tó bẹ̀rẹ̀ sí í dún, ti tó. Òjò orí páànù nìkan ni kò gbóògùn, nítorí náà ẹ fi ìgbohùnsílẹ̀ yín sí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn bí ó bá ṣeé ṣe.

Orin ni ibi tí èmi fúnra mi ti ṣìnà jù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ mi, mo mú ohùn orin kan tí àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ń kọ lédè Gẹ̀ẹ́sì, mo sì fi ọ̀rọ̀ Yorùbá sí i nípa ọkọ̀ tó ń gbé èrò lọ sí ọjà. Orin náà gòkè níbi tó yẹ kí ó ti sọ̀ kalẹ̀, ọkọ̀ sì di ọkọ́. Ọmọ ọdún márùn-ún kan ló bi mí pé báwo ni ọkọ́ tí bàbá òun fi ń roko ṣe ń gbé èèyàn. Àgbà yóò gbọ́ ọ, yóò ní orin ni. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ èdè, ohun tí etí rẹ̀ gbọ́ ni yóò gbà, pàápàá ọmọ òkè òkun tí kò ní ẹlòmíràn tí yóò tún ọ̀rọ̀ náà pè fún un. Láti ọjọ́ náà, mo ń kọ́kọ́ pe ọ̀rọ̀ ketekete, kí n tó wá orin tí yóò bá òkè àti ìsàlẹ̀ ohùn rẹ̀ lọ, gẹ́gẹ́ bí onílù dùndún ṣe ń ṣe. Bí owó yín kò bá ká méjì, ẹ pe onílù tó gbọ́ èdè ìlù kí ẹ tó pe ẹni tó ń tẹ dùùrù.

Bákan náà ni òǹkà rí. Ẹni tó ń túmọ̀ ètò òyìnbó a ka ení, èjì títí dé ẹ̀wá, gbogbo rẹ̀ a sì lọ geere. Bó bá dé ẹ̀ẹ́dógún, àwòrán rẹ̀ kò bá ọ̀rọ̀ mu mọ́. Èdè Gẹ̀ẹ́sì fi márùn-ún kún ẹ̀wá, Yorùbá yọ márùn-ún kúrò nínú ogún. Ìṣúra ni mo ka èyí sí fún ẹni tó ń ṣe kàtúùnù. Ẹ to ogún máńgòrò sórí ẹní, nítorí kò sí ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí kò mọ máńgòrò, kí Ìjàpá yọ́ wá kó márùn-ún, kí Yánníbo sì dé láti wá ka èyí tó kù. Ọmọ yóò fi ojú ara rẹ̀ rí ìdí tí a fi ń pè é ní ẹ̀ẹ́dógún. Ábídí wa náà, lẹ́tà 25 ni, gb sì jẹ́ ọ̀kan gédégbé nínú wọn. Orin tí a ṣe fún lẹ́tà 26 ti òyìnbó kò lè gbà á.

Ẹ ó bá àwọn òbí pàdé tí wọ́n ń bẹ̀rù pé ìbọ̀rìṣà ni àlọ́. Ìlú tí ìjọ Onítẹ̀bọmi ti dá ilé-ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà sílẹ̀ láti 1898, tí mọ́sáláṣí sì wà káàkiri àdúgbò rẹ̀, kò lè ṣàìrí bẹ́ẹ̀. N kò gbà pé kí a fa babaláwo tu kúrò nínú gbogbo àlọ́, nítorí pé àlọ́ tí Ìjàpá ti lọ gba oògùn, bí a bá yọ ẹni tó fún un lóògùn, kò ní ẹsẹ̀ tó máa fi dúró mọ́. Ẹ kàn fi àwọn àlọ́ ẹranko àti ti oúnjẹ ṣíwájú, kí àwọn òbí kọ́kọ́ mọ irú ẹni tí ẹ jẹ́. Èyí tí ìyà inú rẹ̀ le, ẹ fi í sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tó ti lé ní ọdún méje.

Ẹ ní àǹfààní kan tí èmi kò ní nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀: kíláàsì yín. Kí àwọn tó ṣe Sesame Street, ètò ọmọdé orí tẹlifíṣọ̀n ní Amẹ́ríkà, tó gbé e jáde ní 1969, wọ́n a máa gbé ẹ̀rọ mìíràn tó ń pààrọ̀ àwòrán sí ẹ̀gbẹ́ tẹlifíṣọ̀n, wọn a sì máa ṣọ́ ibi tí ojú ọmọ bá yà sí. Ẹ̀yin kò nílò ẹ̀rọ kejì, fèrèsé tó ṣí sílẹ̀ ti tó. Ẹ fi fídíò náà han ọmọ mẹ́fà, ẹ má sọ fún wọn pé kí wọ́n wò ó, kí ẹ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ pẹ̀lú ìwé àti bírò. Ibi tí ọmọ mẹ́ta bá ti wo ìta lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ kọ ìṣẹ́jú rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì gé e. Ẹ má bi wọ́n bóyá ó dùn, nítorí pé ọmọ tí olùkọ́ rẹ̀ bi ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ yóò ní ó dùn ni.

Ní ti owó, ẹ fi YouTube ṣe pátákó ìpolówó yín, ẹ má fi ṣe oko tí ẹ ó máa jẹ. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í pín owó ìpolówó fún yín, ẹ gbọ́dọ̀ ní alábàápín 1,000 àti wákàtí 4,000 tí àwọn ènìyàn ti fi wo fídíò yín láàárín ọdún kan. Bí fídíò yín bá jẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún, tí gbogbo ẹni tó bẹ̀rẹ̀ sì wò ó tán, ìgbà 48,000 ni wọ́n gbọ́dọ̀ wò ó. Ti ọmọdé tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 2019 ni ìjọba Amẹ́ríkà ní kí Google, tó ni YouTube, san 170 mílíọ̀nù dọ́là nítorí pé YouTube ń kó ìsọfúnni àwọn ọmọdé jọ láìgba àṣẹ òbí wọn, láti ìbẹ̀rẹ̀ 2020 sì ni ó ti di dandan kí ẹni tó gbé fídíò síbẹ̀ sọ bóyá ti ọmọdé ni. Bí ẹ bá ti sọ bẹ́ẹ̀, ìpolówó tí wọ́n yàn fún ẹnì kọ̀ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí ohun tó ti ń wò, èyí tó máa ń pawó jù, kò ní wọlé síbẹ̀ mọ́. Òbí kò ní lè kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ rẹ̀, aago YouTube kò sì ní ta á lólobó bí ẹ bá gbé tuntun jáde. Ẹ má torí èyí purọ́ pé ti àgbà ni. Òfin tó dáàbò bo àwọn ọmọ ni, ó sì tọ́.

Ẹni tí mo mọ̀ pé ó ń sanwó ni òbí tó wà ní London tàbí Houston, tó ń fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ lè bá ìyá àgbà sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ẹ ta àlọ́ mẹ́rin fún un lóṣù, pẹ̀lú àkọsílẹ̀ orin inú wọn. Nílé, ẹ lè di àlọ́ sáà kan sínú fláàṣì pa pọ̀ mọ́ ìwé àwòrán tí ọmọ yóò máa kùn, kí ẹ tà á fún àwọn ilé-ìwé ṣáájú kí sáà tó wọlé, nítorí pé bí owó sáà bá ti wọ inú iṣẹ́ mìíràn, ọ̀gá ilé-ìwé kò ní dá yín lóhùn mọ́. Oníṣòwò tó ń ta aṣọ àti bàtà ọmọdé lè san owó àyè rédíò yín. Èmi kì í gba ìpolówó oògùn sáàárín àlọ́, ohunkóhun tí wọn ìbáà san.

Èyí ló fi jẹ́ pé n kò gbà pẹ̀lú ẹni tó ní kí ẹ sọ ọ́ di Gẹ̀ẹ́sì. Ní Gẹ̀ẹ́sì, àwọn iléeṣẹ́ tó ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún òṣìṣẹ́ ni ẹ ó máa bá du ojú ọmọ kan náà. Ní Yorùbá, àtẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo. Òótọ́ ni pé ìjọba kò ní rà á lọ́wọ́ yín: ìlànà tí wọ́n ṣe ní 2022 pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti fagi lé e ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025. Bí ọ̀gá ilé-ìwé kan bá sọ fún yín pé Yorùbá yóò ba Gẹ̀ẹ́sì ọmọ jẹ́, ẹ rán an létí iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970, níbi tí àwọn ọmọ tó fi Yorùbá kẹ́kọ̀ọ́ fún ọdún mẹ́fà kò ti rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ lè kọ Gẹ̀ẹ́sì sí ìsàlẹ̀ fídíò fún òbí tí Yorùbá rẹ̀ kò já gaara, ṣùgbọ́n kí ohùn jẹ́ Yorùbá.

Ọ̀rọ̀ ayàwòrán ni mo fi sẹ́yìn, síbẹ̀ òun ni kí ẹ kọ́kọ́ yanjú. Ẹ má bínú sí i, nítorí pé òfin wà lẹ́yìn rẹ̀. Ní Nàìjíríà, lábẹ́ òfin Copyright ti ọdún 2022, òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ lórí iṣẹ́ rẹ̀, ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe iṣẹ́ ló kọ́kọ́ ni ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀, bí ẹlòmíràn tilẹ̀ gbé iṣẹ́ náà fún un tó sì sanwó, àyàfi bí ìwé àdéhùn bá sọ ohun mìíràn. Ẹ̀tọ́ náà wà títí ọjọ́ ayé rẹ̀ àti fún 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Kò sí ẹni tó ni Ìjàpá inú àlọ́, ogún gbogbo wa ni, ẹ sì máa dárúkọ ìlú tí ẹ ti gbọ́ àlọ́ kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n Ìjàpá tó yà, pẹ̀lú fìlà àti ojú tó fún un, tirẹ̀ ni. Ìtàn tí ẹ kọ àti orin tí ẹ dá sílẹ̀, tiyín ni. Kò sí èyí tó lè ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sí ọwọ́ ẹnì kejì láìsí ìwé. Ẹ jókòó tì í, ẹ fún un ní ìpín kan nínú gbogbo owó tó bá wọlé, kì í ṣe owó iṣẹ́ nìkan, kí ó fọwọ́ sí i pé ẹ̀yin nìkan ni yóò máa lo àwòrán náà, kí ẹlẹ́rìí wà níbẹ̀, kí orúkọ rẹ̀ sì hàn nínú fídíò. Onílù àti àwọn tó gbe orin pẹ̀lú gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí tiwọn, kí àwọn òbí sì fọwọ́ sí i fún àwọn ọmọ tó bá gbe ègbè. Lẹ́yìn náà, ẹ forúkọ iṣẹ́ náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ Nigerian Copyright Commission, àjọ ìjọba tó ń rí sí òfin yìí. Ẹ̀tọ́ yín ti wà láìsí ìforúkọsílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rí ni yóò jẹ́ bí ìjà bá dé.

Ẹ ṣe èyí kí ẹ tó gbé fídíò kẹrin jáde. Bí ọ̀dọ́mọkùnrin náà bá kọ̀ jálẹ̀, ẹ jẹ́ kí ayàwòrán mìíràn ya Ìjàpá tuntun láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ó má wo ti àkọ́kọ́ yà, kí ẹ sì fi ohùn tí ẹ ti gbà sílẹ̀ sí i.