Gọ́ọ̀mù bàtà àti ẹsẹ̀ tó ń kú

ÌBÉÈRÈ: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́. Bàtà là ń ṣe ní Mushin, àwa mẹ́rin nínú ṣọ́ọ̀bù tí kò ní fèrèsé. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, orí á máa fọ́ mi, òòyì á máa kọ́ mi. Láìpẹ́ yìí, ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Sílípáàsì á bọ́ lẹ́sẹ̀ mi, mi ò ní mọ̀ títí ẹnì kan á fi pè mí. Ọ̀gá wa ní mílíìkì ló ń pa oró gọ́ọ̀mù. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

ÌDÁHÙN: Rárá o. Imú ni òórùn gọ́ọ̀mù ń gbà dé ẹ̀dọ̀fóró, ibẹ̀ ló ti ń bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Ikùn ni mílíìkì ń lọ ní tirẹ̀. Wọn ò pàdé.

Ẹ̀fọ́rí àti òòyì yẹn sábà máa ń lọ tí ẹ bá ti bọ́ síta. Sílípáàsì tó bọ́ tí ẹ ò mọ̀ ló bà mí lẹ́rù. Ọ̀pọ̀ gọ́ọ̀mù bàtà ló ní kẹ́míkà kan tí wọ́n ń pè ní hexane nínú. Tó bá ti wọra, ẹ̀dọ̀ á sọ ọ́ di nǹkan mìíràn tó ń ba iṣan ìmọ̀lára jẹ́. Èyí tó gùn jù ló kọ́kọ́ ń jìyà, ìyẹn èyí tó lọ dé ọmọ ìka ẹsẹ̀. Tó bá pẹ́, á kan ọwọ́, dídé bọ́tìnnì á wá di wàhálà. Ó ṣẹlẹ̀ sáwọn oníbàtà ní Japan àti Ítálì láwọn ọdún 1960.

Ẹ kúrò nídìí gọ́ọ̀mù báyìí, kí ẹ lọ sí ọsibítù. Wọ́n á yẹ ṣúgà yín wò, torí àtọ̀gbẹ náà máa ń mú kí ẹsẹ̀ kú. Àmọ́ ẹ̀yin ni kí ẹ fẹnu ara yín dárúkọ gọ́ọ̀mù, wọ́n lè má bi yín. Ẹsẹ̀ yẹn tún lè burú sí i fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tí ẹ bá ti kúrò. Ẹ má torí ẹ̀ padà. Ara á máa yá díẹ̀díẹ̀, ó lè gba oṣù púpọ̀, ó tiẹ̀ lè ju ọdún kan lọ.

Ẹ bá ọ̀gá sọ̀rọ̀ (ẹ rọra sọ ọ́ o, òun náà ń fà á símú) kí wọ́n gbé iṣẹ́ gọ́ọ̀mù síta, kí agolo má sì máa ṣí sílẹ̀. Fáànù nínú ṣọ́ọ̀bù tí kò ní fèrèsé kàn ń yí òórùn kan náà ká ni. Aṣọ tí ẹ̀ ń dì mọ́mú ò dí nǹkan kan ju eruku lọ. Ẹ má sì fi pẹtiróòlù fọ ọwọ́: kẹ́míkà kan tí wọ́n ń pè ní benzene wà nínú ẹ̀, benzene yìí ló fa jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n rí lára àwọn oníbàtà Istanbul láwọn ọdún 1970. Ẹ fi òróró ra ọwọ́ yín, kí ẹ wá fi ọṣẹ fọ̀ ọ́.