Èsì: Ètò U-Boot tí ó ń parẹ́ lẹ́yìn image tuntun

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ bèèrè ìdí tí ètò U-Boot yín (software kékeré tí ó ń jí bọ́ọ̀dù kí Linux tó bẹ̀rẹ̀) fi ń parẹ́. Ohun tí ó ń pa ètò tí ẹ fi àṣẹ saveenv pamọ́ rẹ́, nígbàkigbà tí ẹ bá kọ image tuntun (ẹ̀dà odindi system) sórí káàdì SD, ni pé orí káàdì kan náà ni U-Boot yín ń tọ́jú rẹ̀ sí, ní àyè tí image náà ń kọjá. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí «bad CRC, using default environment»: U-Boot kò rí ètò tí ó pé níbẹ̀, ó sì padà sí ti àtilẹ̀wá.

Bí bọ́ọ̀dù yín bá ní SPI flash (ìrántí kékeré tí ó wà lórí bọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀), ẹ gbé ètò náà lọ síbẹ̀:

1. Nínú menuconfig (ojú-ewé tí a ti ń yan ohun tí yóò wà nínú U-Boot kí a tó kọ́ ọ), ẹ pa CONFIG_ENV_IS_IN_MMC, kí ẹ sì tan CONFIG_ENV_IS_IN_SPI_FLASH.
2. Ẹ fi CONFIG_ENV_OFFSET (ibi tí ètò náà ti bẹ̀rẹ̀) sí ìbẹ̀rẹ̀ sector kan (ìpín kan lára flash) tí U-Boot fúnra rẹ̀ kò dé.
3. Ẹ tún U-Boot kọ́ (build), kí ẹ fi tuntun náà sórí bọ́ọ̀dù, kí ẹ sì ṣe saveenv lẹ́ẹ̀kan. Ṣáájú ìyẹn, «bad CRC» kò ní lọ.

Bí iná ṣe ń lọ lójijì lọ́dọ̀ wa ní Kétu yìí, èmi kò ní gbára lé ẹ̀dà ètò kan ṣoṣo, nítorí pé bí iná bá lọ nígbà tí saveenv ṣì ń kọ̀wé, gbogbo rẹ̀ bàjẹ́ nìyẹn. Ẹ tan ẹ̀dà kejì, kí ẹ fi CONFIG_ENV_OFFSET_REDUND sí sector mìíràn.

Ẹ má gbàgbé /etc/fw_env.config, fáìlì tí ó ń sọ ibi tí ètò náà wà fún Linux: ìlà méjì ni yóò wà níbẹ̀ báyìí, ọ̀kan fún ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ibi àtijọ́ ni fw_setenv (àṣẹ tí ń yí ètò náà padà láti inú Linux) yóò máa kọ̀wé sí.