Ìbéèrè Yín: Ọ̀rọ̀ “Gift”, Ṣé Ẹ̀bùn Ni Tàbí Májèlé?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Olóòtú. Àdìrẹ ni mò ń tà ní Ìtòkú, ní Abẹ́òkúta níbí. Mo di ìró àdìrẹ ẹlẹ́kọ méjì sínú páálí, mo fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi ní Hamburg, mo sì kọ “GIFT” gàdàgbà sí i lára kí àwọn aṣọ́bodè lè mọ̀ pé kì í ṣe ọjà títà. Ẹ̀gbọ́n mi ní májèlé ni ọ̀rọ̀ náà ń jẹ́ lọ́dọ̀ àwọn. Ọmọ rẹ̀ tó ń kàwé ní Sweden ní ẹni tó ti ṣègbéyàwó ló ń jẹ́ lọ́dọ̀ tòun. Ṣé ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo rẹ̀, tàbí lẹ́tà wọn ló kàn ṣe kòńgẹ́ ara wọn? Kí ni kí n máa kọ?
Oníṣòwò àdìrẹ, Ìtòkú

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ọjà o. Bí ó bá jẹ́ Jámánì ni ẹrù ń lọ, ẹ kọ “Geschenk”. Bí ó bá jẹ́ Sweden, ẹ kọ “gåva”. Òótọ́ ni àwọn méjèèjì sọ fún yín, ọ̀rọ̀ kan náà sì ni. Láti inú fífúnni ni ó ti jáde, nínú èdè àtijọ́ tó bí Gẹ̀ẹ́sì, èdè Jámánì, Dutch, àti àwọn èdè Sweden, Denmark àti Norway. Ohun tí wọ́n ń fúnni ni kò dọ́gba.

Nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, owó tí ọkọ ń san lórí ìyàwó ni “gift”, gẹ́gẹ́ bí owó ìdána tiwa. Ọ̀dọ̀ àwọn Viking tó wá tẹ̀dó sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ìtumọ̀ “ẹ̀bùn” ti wọlé. Àwọn ará Sweden, Denmark àti Norway kò kúrò nídìí ìgbéyàwó ní tiwọn: ẹni tí a ti fi fún ọkọ tàbí fún aya ni “gift” lọ́dọ̀ wọn títí di òní.

Ti májèlé ni ó gba àlàyé jù. Ìwọ̀n oògùn tí oníṣègùn bá bù fún aláìsàn ni àwọn Gíríìkì ń pè ní “dosis”, ìyẹn fífúnni. Látìn gbà á lọ́wọ́ wọn, àwọn ará Jámánì sì fi ọ̀rọ̀ tiwọn ṣe irú rẹ̀, títí tí “Gift” fi di èyí tó ń pani nìkan. Èmi gbà pé ìbẹ̀rù wà nínú rẹ̀, nítorí pé ẹnu kì í fẹ́ dárúkọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Bí ẹnìkan bá ti òde àríyá dé tó sì kú lójijì, àwa náà kì í sáábà pe májèlé ní májèlé, ohun tí a ń sọ ni pé, “Wọ́n fún un ní nǹkan jẹ.” Àlejò tó bá gbọ́ èyí lè rò pé wọ́n ṣe olóògbé náà lálejò ni.

Láti ọ̀dọ̀ àwọn ará Jámánì ni ìtumọ̀ yìí ti dé Sweden àti àwọn aládùúgbò rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ kan náà fi ń jẹ́ májèlé àti ẹni tó ti ṣègbéyàwó lọ́dọ̀ wọn. Àwọn Dutch ya tiwọn sọ́tọ̀: “gift” ni ẹ̀bùn, “gif” ni májèlé. Ìtumọ̀ àtijọ́ kò sì tíì parẹ́ tán ní Jámánì, torí pé “Mitgift” ni wọ́n ń pe dúkìá tí òbí fi ń sin ọmọbìnrin lọ sílé ọkọ, ohun tí àwa ń pè ní ẹrù ìyàwó.

Ní ti lẹ́tà tó ń ṣe kòńgẹ́, ó wà lóòótọ́. Bọ́tà ni “burro” ní Ítálì, láti inú “butyrum” ti Látìn, tí Látìn yá lọ́wọ́ àwọn Gíríìkì. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni “burro” ní Sípéènì, láti inú “burricus”, orúkọ tí wọ́n ń pe ẹṣin kékeré. Ará Sípéènì tó bá fẹ́ bọ́tà, “mantequilla” ni yóò béèrè.