Irú lẹ́tà wo ni Vogue, ìwé ìròyìn aṣọ àti oge, fi ń kọ orúkọ rẹ̀ síwájú ìwé?

Didot ni. Ìdílé Didot, àwọn atẹ̀wé ìlú Paris, ló ni orúkọ náà; Firmin Didot ló gé lẹ́tà yìí ní apá ìparí ọ̀rúndún 18. Láàárín àkókò kan náà, Giambattista Bodoni ń ṣe irú rẹ̀ ní Parma, ní Ítálì, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń ṣi méjèèjì mú fún ara wọn.

Ìlà òòró rẹ̀ nípọn, ìlà ìbú rẹ̀ sì tín-ín-rín bí irun orí. Ìyàtọ̀ yìí gan-an ló fún un ní ẹwà tí àwọn tó ń ta aṣọ olówó ńlá àti lọ́fínńdà ń wá. Harper's Bazaar, ìwé ìròyìn oge mìíràn, náà lò ó: Jonathan Hoefler ló ya ẹ̀dà tiwọn ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990.

Àkọlé ńlá ló bá a mu. Nínú ọ̀rọ̀ wẹ́wẹ́, pàápàá lójú fóònù, àwọn ìlà tín-ín-rín náà lè pòórá. Ẹni tó bá fẹ́ fi kọ Yorùbá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dán ẹ, ọ, ṣ àti àmì ohùn wò, nítorí kì í ṣe gbogbo ẹ̀dà ló ní wọn.