Mọ́tò Tó Ti Gbó: Ṣé Third Party Ti Tó, Àbí Kí N Gba Comprehensive?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Olùkọ́ ni mí nílùú Ìbàdàn. Toyota Corolla ọdún 2005 ni mò ń wà, ọdún karùn-ún rèé tí mo ti rà á. Bí mo bá ní kí n tà á lónìí, wọn ò lè fún mi ju ₦3,500,000 lọ. Third party, ìnṣọ́ránsì tó ń san kìkì ohun tí mọ́tò mi bá ṣe fún ẹlòmíràn, ni mo máa ń ṣe lọ́dọọdún, ṣùgbọ́n láti oṣù tó kọjá ni aṣojú ilé-iṣẹ́ adójútòfò kan ti ń rọ̀ mí pé kí n gba comprehensive, èyí tó ń san fún òfò mọ́tò tèmi pẹ̀lú. Ó ní ₦175,000 ni n óò san. Ọkọ mi ní owó ìdàánù ni, pé mọ́tò tó ti gbó kò yẹ ní irú owó bẹ́ẹ̀. Mọ́tò náà ni mo fi ń gbé àwọn ọmọ lọ sílé-ìwé, òun náà ni mo sì ń wà lọ sí Ìsẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan lóṣù láti lọ wo ìyá mi. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀ nínú àwọn méjèèjì?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun, mà. Iye tí aṣojú náà pè fún yín kì í ṣe àbùlé. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 ni àjọ NAICOM, tó ń mójú tó gbogbo ilé-iṣẹ́ adójútòfò ní Nàìjíríà, ti pàṣẹ pé owó comprehensive kò gbọdọ̀ dín sí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún iye tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún mọ́tò, ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ₦3,500,000 sì ni ₦175,000. Àṣẹ kan náà ló gbé owó third party fún mọ́tò aládàáni kúrò ní ₦5,000 sí ₦15,000. Nítorí náà, ohun tí a ní láti yẹ̀ wò ni ohun tí ₦160,000 tó wà láàárín méjèèjì yóò rà fún yín lọ́dún.

Òfò méjì ló so mọ́ mọ́tò kan. Èkíní ni èyí tó lè bá ẹ̀yin fúnra yín: kí mọ́tò fọ́, kí ó jóná, kí olè gbé e lọ. Èkejì ni gbèsè tí mọ́tò yín lè dá sí yín lọ́rùn nítorí ohun tó ṣe fún ẹlòmíràn. Òfò àkọ́kọ́ ní ibi tó mọ, nítorí bó ti wù kó burú tó, kò lè ju iye mọ́tò náà lọ. Òfò kejì kò ní ibi tó mọ, kò sì mọ̀ pé mọ́tò yín ti gbó. Bí Corolla ọdún 2005 bá gbá ẹni tó ń sọdá títì, ìpalára rẹ̀ kò kéré sí ti jíìpù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà lánàá. Ibí yìí ni mo ti rí i pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣìnà. Wọ́n á wo mọ́tò tí ọ̀dà rẹ̀ ti ṣá, wọ́n á ní ìnṣọ́ránsì tó kéré jù lọ ló tọ́ sí i, wọ́n á sì gbàgbé pé nínú òfò méjèèjì, ẹyọ kan ṣoṣo ni gbígbó mọ́tò ń dín kù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó ṣojú mi. Oníbàárà wa kan ń wa Nissan Primera tó ti dàgbà gan-an, ó sì ń bọ̀ ní Dùgbẹ̀ lọ́jọ́ kan tí òjò ń rọ̀. Bíréèkì kò tètè mú, ó sì fi imú mọ́tò gbá ìdí jíìpù tó dúró níwájú rẹ̀. Ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ lè sọ pé kò tu irun kan lára Primera náà: igun bọ́ńpà kan ló ṣẹ́, páńẹ́bítà sì gba ₦40,000 láti tún un ṣe. Ti jíìpù ńkọ́? Iná ẹ̀yìn kan fọ́, bọ́ńpà là sí méjì, àwọn ẹ̀rọ pélébé inú bọ́ńpà tó máa ń ké bí wọ́n bá ń fi ẹ̀yìn rìn sì bàjẹ́ pẹ̀lú. Nígbà tí wọ́n gbé ìwé iye àtúnṣe dé iwájú mi, ₦2,180,000 ni mo kà níbẹ̀. Mo tún un kà lẹ́ẹ̀kejì. Primera yẹn fúnra rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀ lọ́jà. Third party ₦15,000 tí ọkùnrin náà ṣe ló san gbogbo rẹ̀, nítorí òdiwọ̀n tí àṣẹ ọdún 2023 fi sí ohun ìní ẹlòmíràn tí mọ́tò aládàáni bá bàjẹ́ jẹ́ ₦3,000,000. Kí àṣẹ yẹn tó dé, ₦1,000,000 ni òdiwọ̀n náà, òun ni ì bá sì wá ₦1,180,000 tó kù fúnra rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ₦3,000,000 yẹn pàápàá kò jìnnà mọ́. Ẹ wo irú àwọn mọ́tò tó ń kọjá ní Bódìjà tàbí Ring Road láàárín wákàtí kan, kí ẹ sì ronú lórí iye tí iná iwájú méjì àti bọ́ńẹ́ẹ̀tì wọn yóò jẹ́. Nítorí náà, bí ẹ bá ní owó díẹ̀ tí ẹ fẹ́ fi kún ìnṣọ́ránsì yín, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ ná an sí. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ yín bóyá wọ́n lè gbé òdiwọ̀n ohun ìní ẹlòmíràn yẹn sókè fún yín, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé. Kì í ṣe gbogbo ilé-iṣẹ́ ló ń ṣe é, ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe é, àfikún owó rẹ̀ kì í sábà tó nǹkan tí a lè fi wé owó comprehensive.

Ọ̀rọ̀ comprehensive ló kàn. Àwọn nǹkan kan wà nínú rẹ̀ tí aṣojú kì í sábà là yé oníbàárà tí mọ́tò rẹ̀ ti gbó. Bí mọ́tò bá parẹ́ pátápátá, iye tó ń jẹ́ lọ́jà lọ́jọ́ tí òfò náà ṣẹlẹ̀ ni wọn yóò san, tàbí iye tí ẹ kọ sínú ìwé, èyí tó bá kéré jù nínú méjèèjì. Ẹni tó bá ní kí ẹ kọ ₦5,000,000 sílẹ̀ fún mọ́tò ₦3,500,000 ń mú yín san owó lórí ₦1,500,000 tí ẹ kò ní rí gbà láéláé. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ kò gbọdọ̀ kọ ìdajì iye rẹ̀ kí owó tí ẹ óò san lè dín kù, torí lọ́jọ́ tí ẹ bá gbé àtúnṣe ₦600,000 wá, ìdajì rẹ̀ ni wọ́n lè san fún yín. Èyí ń bá ọ̀pọ̀ ènìyàn láìròtẹ́lẹ̀ nísinsìnyí, nítorí pé láti ìgbà tí náírà ti wálẹ̀ ní ọdún 2023, mọ́tò ń gbó, iye rẹ̀ ní náírà sì ń lọ sókè. Ẹni tó bá fi iye ọdún 2020 sílẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ láìyí i padà ti dá ara rẹ̀ lẹ́bi kí òfò tó dé.

Yàtọ̀ sí èyí, iye kan wà tí ẹ̀yin fúnra yín yóò kọ́kọ́ gbé níbi òfò kọ̀ọ̀kan kí ilé-iṣẹ́ tó fi tiwọn kún un. Lórí mọ́tò olówó ńlá, ìyẹn lè má hàn. Lórí Corolla tí àtúnṣe rẹ̀ kì í sábà ju ₦80,000 tàbí ₦150,000 lọ, ó lè gbé èyí tó pọ̀ jù nínú owó náà mì. Wọ́n tún lè yọ owó kúrò lórí ẹ̀yà tuntun tí wọ́n bá fi rọ́pò èyí tó ti gbó. Ẹ sì béèrè nípa ìkún omi, nítorí ọ̀pọ̀ ìwé comprehensive ni kì í kà á mọ́ ọn àfi bí ẹ bá san àfikún, èmi kò sì mọ ará Ìbàdàn tó rántí oṣù kẹjọ ọdún 2011 tí yóò fojú kékeré wo ìyẹn.

Síbẹ̀ náà, n kò gbà pẹ̀lú ọkọ yín pé torí mọ́tò ti gbó, kò yẹ ní comprehensive. Ọlọ́rọ̀ tó ní mọ́tò mẹ́ta nílé lè pàdánù Corolla kó má sì mọ̀ ọ́n lára. Ẹni tí Corolla kan ṣoṣo jẹ́ gbogbo ohun tó ní ni òfò rẹ̀ ń dùn jù. Ẹ jọ jókòó, kí ẹ bi ara yín pé: bí ilẹ̀ bá mọ́ lọ́la tí mọ́tò yìí kò sí mọ́, ṣé a lè rí òmíràn rà láàárín oṣù mẹ́fà láìtọrùn bọ gbèsè? Bí ó bá jẹ́ pé gbèsè kóperétíìfù tí ẹ fi rà á ṣì wà nílẹ̀, tàbí pé kò sí owó kankan ní ìpamọ́, ẹ gba comprehensive, ẹ má sì ka ₦175,000 náà sí ìdàánù. Bí ẹ bá ní ìpamọ́ díẹ̀, tí àwọn ọmọ sì lè wọ ọkọ̀ èrò fún ìgbà díẹ̀, ẹ máa fi ₦160,000 yẹn sínú àkáǹtì ọ̀tọ̀ lọ́dọọdún. Láàárín ọdún mẹ́rin, ₦640,000 ni ẹ ní níbẹ̀ fún àtúnṣe, láìka èlé mọ́ ọn, kò sì sí ẹni tí yóò yọ nǹkan kan kúrò nínú rẹ̀.

Ọ̀nà kẹta wà tí aṣojú náà kò dárúkọ: third party tó fi iná àti olè kún un. Owó rẹ̀ ju ti third party lásán lọ, kò sì tó ti comprehensive. Kò ní san owó páńẹ́bítà fún yín, ṣùgbọ́n bí mọ́tò bá jóná tàbí tí olè bá gbé e, yóò san iye rẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ fún Corolla àtijọ́ nítorí pé ẹ̀yà ara irú mọ́tò yìí ń tètè tà, olè sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wáyà iná mọ́tò ọlọ́dún púpọ̀ tí ọwọ́ ríwáyà mẹ́ta mẹ́rin ti kàn kò sì ṣe é fọkàn tán.

Ohun kan tí n kò fẹ́ kí ẹ gbójú fò ni ọ̀nà Ìsẹ́yìn. Bí ẹ bá máa ń gbé èrò lọ́nà kí owó epo lè wọlé, ẹ jáwọ́. Ìlò ti ara ẹni ni ìwé yín wà fún; lọ́jọ́ tí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀ pẹ̀lú èrò tó san owó nínú mọ́tò, ilé-iṣẹ́ lè kọ̀ láti san kọ́bọ̀, ì báà jẹ́ comprehensive ni ẹ ní.

Ẹ rí i dájú pẹ̀lú pé ìwé tó wà lọ́wọ́ yín kì í ṣe ayédèrú. Láti oṣù kejì ọdún 2025 ni àwọn ọlọ́pàá ti bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ third party wò káàkiri orílẹ̀-èdè, ìwé tí wọ́n sì ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ́fíìsì láìkọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ kò lè gba ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Ẹ lọ sí askniid.org, ibi tí àkọsílẹ̀ ìnṣọ́ránsì mọ́tò wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ tẹ nọ́ńbà mọ́tò yín síbẹ̀. Bí kò bá yọ, ẹ pe ilé-iṣẹ́ náà lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ san owó sínú àkáǹtì ilé-iṣẹ́, kì í ṣe sọ́wọ́ aṣojú, nítorí òfin sọ pé ibi tí wọn kò bá ti gba owó, ìnṣọ́ránsì kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Ẹ kò sọ ibi tí mọ́tò ń sùn lálẹ́, ìyẹn ni ó sì kù tí mo fẹ́ mọ̀. Bí ó bá jẹ́ inú ọgbà tó ní géètì ni, tí ìpamọ́ díẹ̀ sì wà, third party tí òdiwọ̀n rẹ̀ ga ti tó yín. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ títì ni, ẹ ní kí aṣojú náà ṣírò ti iná àti olè fún yín kí ọjọ́ ìwé tó wà lọ́wọ́ yín tó pé.